Ọ̀bẹ Kan Ṣoṣo ní Àpáta Mádìmímú

Kí n tó mẹ́nu lé e, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín. Nílé wa ní Ìdí-Òkúta, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi mí ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èèwọ̀ ni. Tí ọdẹ méjì bá jọ lọ sí àpáta, tó wá jẹ́ pé ẹnì kan ló dá bọ̀, a kì í bi í pé ẹnì kejì ẹ̀ dà. A máa fún un lómi, a máa gbé àga fún un, gbogbo ilé á wá dákẹ́ bí ìgbà tí ejò bá wọ abẹ́ ẹní. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í ṣe ará Ìdí-Òkúta, ẹ ò sì tíì bi mí ní nǹkan kan. Èmi ni ẹnu ń yún. Èèwọ̀ tó ní kí wọ́n má bi mí ò sọ pé kí èmi má sọ, àbí ó sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ kó tètè lọ tọ̀, torí tí mo bá ti dé àárín àpáta, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọdẹ́rónkẹ́ ni mí, ọmọ Ọdẹ́níran. Ẹ má wò ó pé mo kéré. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ wo ìka méjì yìí. Tí mo bá fi wọ́n kọ́ etí òkúta báyìí, ẹ so ewúrẹ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mi ò ní já. Àwọn ọdẹ tiyín ń gbé ìbọn, wọ́n ń tan iná sórí, wọ́n ń dọdẹ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ìyá arúgbó pàápàá lè rìn. Àwa ọdẹ Ìdí-Òkúta, ara àpáta la ti ń dọdẹ. Oyin inú àpáta, ẹyin ẹyẹ tó ń sùn níbi tí ọ̀bọ ò lè dé, àwọn ẹran kéékèèké tó ń sá wọ inú lílà òkúta, ọwọ́ la fi ń mú gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Irọ́ ni o. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta máa wo ẹnu àáké, ó máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ó máa wo ojú ẹni tó bá a di okùn mú nísàlẹ̀ dáadáa.

Torí pé èèyàn méjì ló ń gun àpáta nílé wa. Ọ̀kan máa gùn, ọ̀kan máa di okùn mú. Ẹni tó ń gùn máa ró igbà mọ́ ìdí, irú igbà tí ọ̀kọ̀pẹ ń ró yẹn, a ó so okùn mọ́ ọn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa yí okùn yẹn mọ́ra, wọ́n á sì so òun fúnra ẹ̀ mọ́ ìdí igi, kí àpáta má baà fà á lọ. Bí o ṣe ń gùn lọ, o máa ń gbá èèkàn igi ayan sínú lílà òkúta, okùn ẹ á gba inú òrùka ọrùn èèkàn kọjá. Tí ẹsẹ̀ bá yọ̀, èèkàn tó kẹ́yìn ló máa gbà ẹ́, ìyẹn tó bá wù ú. Tí o bá sì ń bọ̀, gbogbo èèkàn tí o gbá ni o máa yọ. A kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ lára àpáta, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá a bí baba ńlá wa ṣe bá a, kí ẹ̀rù tó bà wọ́n lè ba òun náà. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló sì ń bá wa lọ. Ọwọ́ adìgbàmú ló máa ń wà, ìyẹn ẹni tó di okùn mú. Ẹni tó ń gùn kì í mú irin kankan dání. Ìdí ẹ̀ ni pé tí àpáta bá gbá ẹni òkè mú tó fẹ́ fi okùn fa ẹni ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹni ìsàlẹ̀ gé e, kí ẹnì kan lè délé. Ìwà òdájú ni, ṣùgbọ́n ó mọ́gbọ́n wá.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé, kí ló dé tí èèyàn orí pípé á fi máa ṣe irú nǹkan yẹn. Ṣé oyin ò sí nínú igi ni? Oyin wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, oyin kọ́ là ń bá lọ. Tí o bá ti kọjá èèkàn tó kẹ́yìn, tí o ò tíì rí ibi tí o máa gbá òmíràn sí, tí o mọ̀ pé tí o bá já báyìí, jíjá yẹn gùn, gbogbo ọ̀rọ̀ ilé ayé á kúrò lórí ẹ. Ìyá ọkọ, gbèsè, àrùn, kò sí ìkankan. Ó ku ìka ẹ àti òkúta. Mo ti fẹ́ ọkọ rí o, mo ti jẹ ẹran ìgalà tuntun rí. Kò sí èyí tó dùn tó o nínú méjèèjì. Adùn yẹn gan-an ló pa bàbá mi. Ó tún pa ẹlòmíràn, a ń bọ̀ níbẹ̀.

Àpáta kan wà nínú igbó wa tí wọ́n ń pè ní Mádìmímú. Ara ẹ̀ ń dán bí orí apárí. Bàbá mi lọ gùn ún, Bàbá Àkànó ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló bá a di okùn mú. Bàbá Àkànó dá bọ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa, ó mu omi, kò sẹ́ni tó bi í. Kí tún ni a fẹ́ bi? Gbogbo wa mọ ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Okùn tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹni tó dá bọ̀, inú igbó ló máa ń rì í mọ́lẹ̀ kó tó wọ̀lú, ẹnì kankan kì í rí i. Àṣà wa sì tún ní ìkà kan nínú: opó ẹni tí ò bọ̀ ló máa dáná fún ẹni tó bọ̀, títí tí òṣùpá á fi lé tí á fi tún wọ̀. Ìyá mi dáná fún un. Èmi ni mo ń gbé e lọ. Mo máa ń dúró tì í kí n lè rí bí ó ṣe ń gbé e mì, inú mi á máa gbàdúrà kí egungun há a lọ́fun. Bàbá Àkànó á jẹ ẹ́ tán, á ní kí n kí ìyá mi, á wá máa wo ilẹ̀. Ìyàwó ẹ̀, Àwẹ̀ró, máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa pa eṣinṣin kọ̀ọ̀kan tó bá bà lé abọ́, ojú ẹ̀ á máa bẹ̀ mí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọdẹ tó bá kú, ẹ máa ń ṣípà fún un. Ẹ máa kó ohun ọdẹ ẹ̀ lọ sínú igbó, ẹ máa yọ ọ́ kúrò lẹ́gbẹ́, kó mọ̀ pé ọdẹ ṣíṣe ti tán. Tiwa le díẹ̀. Ọdẹ àpáta, igbà tó ró mọ́ ìdí lọ́jọ́ tó kú la máa fi ṣípà fún un. Kò sí igbà, kò sí ìṣípà. Igbà bàbá mi sì wà lórí Mádìmímú pẹ̀lú òkú ẹ̀. Òkú ọdẹ tí wọn ò bá ṣípà fún, á máa dọdẹ lọ. Bàbá mi ń dọdẹ. Ìyá mi ló fi ń ṣe ẹran. Lójijì ni obìnrin tó ń rán aṣọ fún gbogbo ọdẹ ìlú, tó ń jókòó síwájú ilé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, á pariwo, á di kókósẹ̀ mú bí ẹran tí ọfà bà. Ẹsẹ̀ òsì kú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Kíkú yẹn ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé orúnkún, Olúọdẹ pè mí, ó ní tó bá dé àyà, ó ti parí nìyẹn. Mo ní ta ló máa lọ mú igbà wá. Gbogbo àwọn akọni tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná ara wọn. Ni mo bá ní, ó dáa, ẹ máa wo èékánná, èmi máa lọ lo tèmi.

Ta ló máa wá di okùn mú fún mi? Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọ̀nà Mádìmímú. Mo lọ bá Bàbá Àkànó nílé. Mo kúnlẹ̀, kì í ṣe pé inú mi fẹ́ ẹ. Mo ní, "Ẹ bá mi di okùn mú." Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú ilé kí bàbá tó dáhùn. Bàbá wò mí títí, ó ní òun máa lọ, ṣùgbọ́n ìlérí kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣe.

"Tí mo bá ní kí o sọ̀ kalẹ̀, ìwọ ọmọ yìí, sọ̀ kalẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Inú mi ń sọ pé, arúgbó apànìyàn, ìwọ ló tún ń pàṣẹ.

A rìn nínú igbó títí ọ̀sán fi pọ́n. Mi ò ní fi ìrìn àárín igbó da yín láàmú, ẹ ti gbọ́ ti iwin olórí mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ yín, tiwa náà wà níbẹ̀, ó kí wa, a kí i. Nígbà tí a dé ìdí Mádìmímú, mo so Bàbá Àkànó mọ́ igi ìrókò kan bí àṣà ṣe wí. Mo so ó le. Kò ráhùn. Ọ̀bẹ wà nínú àkọ̀ ní ìbàdí ẹ̀, ibi tí ọwọ́ ẹ̀ lè dé. Ó wá ní kí n súnmọ́ òun. Ó na ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ etí ṣòkòtò mi yípo, ó ń fi ìka wá nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán. Mo gbá ọwọ́ yẹn dànù. Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ orí yín ti kọjá èyí." Ó mú ọwọ́ ẹ̀ kúrò. Ẹ fi èyí pamọ́ sọ́kàn fún mi.

Mo gùn. Ẹ ò lè mọ̀ bí mo ṣe gùn ún. Ìsàlẹ̀ Mádìmímú ní lílà kan tó gbà mí lọ́wọ́ dé ìgúnpá, mo ń ki ìkúùkù bọ̀ ọ́, mo ń yí i, mo ń fa ara mi sókè. Mo gbá èèkàn, ó dún bí agogo. Mo gbá òmíràn. Nígbà tí mo máa ki ọwọ́ bọ ibi tó tẹ̀lé e, nǹkan kan di ọwọ́ mi mú nínú òkúta.

"Ti ta ni ọwọ́ tútù yìí?"

Mo yọjú wo inú lílà. Mi ò rí orí, mi ò rí ẹsẹ̀. Ẹnu ni mo rí, àti ara kan tó kún fún èékánná bí ìpẹ́ ṣe ń bo ara ẹja. Èékánná àwọn tó ti já láti ibẹ̀ ni. Àwọn kan ṣì ní làálì lára, ẹ ò rí ayé, ìyàwó tuntun kan ti gba ibẹ̀ rí. Eléèékánná ni wọ́n ń pè é. Ó ní bí òun ṣe ń ṣe ni pé òun máa pa àlọ́, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á fi gbogbo ọwọ́ sílẹ̀. Mo ní kó yáa pa á.

"Ta ló ń gun òkè láìlọ́wọ́ láìlẹ́sẹ̀, tí kì í padà wá sọ ohun tó rí?"

"Èéfín."

"Ta ló ń já láti òkè, tí ìyá ẹ̀ kì í sunkún?"

"Òjò."

Ó fi ahọ́n lá èékánná ara ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ológbò. "Ta ló ti já, tí kò tíì balẹ̀?"

Mo dúró lórí òkúta tí kò tó etí abọ́. Mo rò ó, mo mọ̀ ọ́n, mi ò fẹ́ sọ ọ́. Ohun tó ń dun ni ló máa ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n kì í tètè jáde. Mo ní, "Bàbá mi." Eléèékánná rẹ́rìn-ín títí gbogbo èékánná ara ẹ̀ fi ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ. Ó ní mo gbà á, kí n máa kọjá. Ó ní ìdáhùn yẹn dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi máa gba ọ̀kan péré ṣe ìrántí. Kí n tó lanu, ó ti fi eyín fa èékánná ọmọńdinrín mi yọ tìdítìdí. Ẹ wò ó, kò hù mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gba àlọ́ ṣe jẹ ìyà ẹni tí kò gbà á. Ẹ má rò pé ìwà òdodo wà nínú àpáta.

Òkè ibẹ̀ ni lílà ti tán. Kò síbi tí mo lè gbá èèkàn kan sí mọ́. Òkúta dídán, ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, èèkàn tó kẹ́yìn ti jìnnà nísàlẹ̀ tí kò yàtọ̀ sí eyín ọmọdé. Tí mo bá já, mo máa já dé ibẹ̀, mo tún máa já bẹ́ẹ̀ sí i kí okùn tó le. Ìyá mi ń kú nílé. Ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń ṣe? Mò ń rẹ́rìn-ín. Ara mi fúyẹ́ bí òwú. Mo gbàgbé ìyá mi pátápátá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ níbòmíràn. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ara àpáta, mo gbẹ́kẹ̀ lé ibi tí kò sí nǹkan, ó sì gbà mí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí ọwọ́ mi fi kan etí pẹpẹ kan tó yọ jáde lára òkúta. Mo fa ara mi sórí ẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ okùn le lẹ́yìn mi. Ohùn Bàbá Àkànó wá láti ìsàlẹ̀ bí ohùn eṣinṣin: okùn tán, sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá mi jókòó lórí pẹpẹ yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ ti òkúta ńlá kan tó gbé kalẹ̀ létí ibẹ̀. Ara ẹ̀ ti gbẹ bí ẹran inú àjà, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ń dán. Igbà wà nídìí ẹ̀. Ó di ọrun mú, kò sí ọfà kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń fa ọrun náà, tó ń jù ú sílẹ̀ sápá ibi tí ilé wa wà. Mo kúnlẹ̀. Òkú tàbí ààyè, bàbá ni bàbá.

"Àyọ̀ká, o ti dàgbà," ó ní, oríkì mi ló fi pè mí. "Àkànó ló di okùn ẹ mú, àbí? Mo gbọ́ igbe ẹ̀. Kò sí ohun tó mọ̀ ju sọ̀ kalẹ̀, sọ̀ kalẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, màmá mi ń kú lọ. Kíkú ti dé orúnkún wọn."

"Orúnkún? Ọwọ́ mi ti ń wúwo nìyẹn. Ó yẹ kí n ti dé ìbàdí."

Mo bi í pé kí ni màmá mi ṣe fún un. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. Ó ní kò ṣe nǹkan kan. Ó ní ọdẹ kò lè jókòó lásán, ẹran mìíràn ò sì sí lọ́dọ̀ òun. Ilé nìkan ni òun mọ ọ̀nà ẹ̀, obìnrin yẹn nìkan ni òun mọ ìrìn ẹ̀. Tí òun bá mú un tán, òun máa kan èmi. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ pé òjò máa rọ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi ti bọ́ sára igbà tó wà nídìí ẹ̀. Ẹ fọkàn bá mi lọ. Tí ẹni ìsàlẹ̀ bá gé okùn, ibo ni okùn máa wà? Ọwọ́ ẹni òkè ni, gbogbo ẹ̀ máa so rọ̀ mọ́ ọn nídìí. Èyí tó kù lára igbà bàbá mi ò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e mọ́ roro.

"Bàbá," mo ní, "ọ̀bẹ ta lẹ fi gé e?"

Inú ẹ̀ dùn pé mo rí i. Ó yọ ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan láti abẹ́ itan, ó fi hàn mí bí ọmọdé ṣe ń fi eyín tuntun hàn. Ó ní okùn tán síbi tí mo kúnlẹ̀ sí yìí gan-an. Góńgó àpáta ò jìnnà síbẹ̀ ju ilé wa sí ilé ewúrẹ́ lọ. Àkànó ń pariwo pé sọ̀ kalẹ̀. Kókó okùn ti rin, kò ṣeé tú. Òun wá gé ara òun kúrò, òun gùn ún ní òfìfo, òun dé orí, òun rí igbó bí ẹni rí inú awo. Ẹsẹ̀ òun yọ̀ nígbà tí òun ń bọ̀. "Ìwọ ńkọ́," ó ní, "ṣé ìwọ ì bá sọ̀ kalẹ̀?" Ó na ọ̀bẹ sí mi. Ó ní tí mo bá fẹ́ igbà òun, kí n gé okùn mi, kí n gùn ún dé orí bí òun ṣe gùn ún, tí mo bá padà dé pẹpẹ láàyè, kí n máa mú igbà lọ.

Mo wo òkè. Ẹ ò mọ̀ mí, ẹ ò lè mọ bó ṣe wù mí tó. Àtẹ́lẹwọ́ ń yún mi. Ọwọ́ mi ti na sí ọ̀bẹ yẹn, kì í ṣe irọ́. Okùn wá mì díẹ̀ nídìí mi. Arúgbó tí mo fi èpè gbé oúnjẹ fún ló wà nísàlẹ̀, tó ń fà á wò bóyá mo ṣì wà. Mo fa ọwọ́ mi padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbá mi rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ní òfìfo lẹ fi gùn ún? Igbà ilé ńkọ́, tó ṣì wà nídìí yín? Ẹni tó ró igbà ò tíì fi ilé sílẹ̀. Ẹ gun ìdajì, ẹ wá ń yangàn. Èmi ò tẹ̀lé ẹni tó gun ìdajì."

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ọdẹ, ẹ mọ̀ pé ẹ lè bú ìyá ọdẹ, ẹ lè bú orí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má bu ohun tó ṣe kù. Bàbá mi dìde, egungun ẹ̀ ń ró. Ó tú igbà, ó sọ ọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n máa wòran. Ó fò sórí òkúta ńlá yẹn, ó di ara àpáta mú. Ẹ gbọ́, mi ò tíì rí ẹni tó gùn bẹ́ẹ̀ rí, kò sì ní sí mọ́. Ó ń lọ bí omi tó ń ṣàn lọ sókè. Omi bọ́ lójú mi, torí pé ó dára. Mo ró igbà ẹ̀ mọ́ tèmi, mo yí padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá Àkànó mọ̀ pé mo ń bọ̀. Okùn ń wọlé sọ́dọ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń fa ọmọ lọ́wọ́. Mo ti kọjá ibi dídán, mo ti yọ èèkàn òkè, mo ti kọjá Eléèékánná tó ń hanrun, nígbà tí mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti orí. Ó ní, "Àyọ̀ká." A kì í jẹ́ orúkọ lára àpáta. Mi ò jẹ́. Ó tún pè mí, ó wo pẹpẹ, kò rí igbà, ó wá yé e pé mo ti tàn án. Ó ju ara ẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ gbá òkúta ńlá létí pẹpẹ, òkúta náà sì ṣáájú ẹ̀. Òkúta kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, atẹ́gùn ẹ̀ fẹ́ gé mi létí. Bàbá mi kọjá tẹ̀lé e, ojú ẹ̀ súnmọ́ ojú mi bí ẹ ṣe súnmọ́ mi yìí, kò bínú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ nígbà tí òkúta balẹ̀. Ti bàbá mi, mi ò gbọ́. Títí di òní, mi ò tíì gbọ́.

Okùn dẹ́kun wíwọlé. Mo pe Bàbá Àkànó, ohùn mi nìkan ló dáhùn láti inú igbó. Ẹ̀jẹ̀ ọmọńdinrín mi yọ̀ lára òkúta, ni mo bá já. Mo já, mo ń ka ara mi kún òkú, kò sẹ́ni tó di okùn mú mọ́. Okùn le gbàgà. Ó gbà mí. Mo rọ̀ níbẹ̀ bí ẹyẹ inú tàkúté, mi ò mọ ohun tó mú mi. Nígbà tí mo dé ilẹ̀ ni mo rí i. Òkúta ti fọ́ Bàbá Àkànó mọ́ ìrókò láti orí dé àyà. Ó rí òkúta yẹn nígbà tó ń bọ̀, òkúta sì ń pẹ́ kó tó balẹ̀ láti irú ibi gíga bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ì bá fi ọ̀bẹ gé okùn tí mo fi so ó mọ́ igi, ì bá sì yẹra. Ọ̀bẹ wà nínú àkọ̀. Kò yọ ọ́. Ìgbà tó kù fún un láyé, kókó ló fi ta. Ó ta okùn mi mọ́ ìrókò, kókó tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo gòkè, kókó méjì tó dáa.

Mo ri okùn mọ́lẹ̀ bí àṣà ṣe wí. Mo dá bọ̀. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n gbé àga fún mi, gbogbo ilé dákẹ́. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ń wo ọwọ́ mi, wọ́n ń rò pé èmi ni mo pa apànìyàn bàbá mi, àwọn kan tiẹ̀ ń mi orí pé mo káre. Wọ́n fi igbà ṣípà fún bàbá mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ padà sí ẹsẹ̀ ìyá mi. Mo wọlé tọ̀ ọ́, mo sọ gbogbo ẹ̀, láìjẹ́ pé ó bi mí. Mo ní Bàbá Àkànó ò gé okùn, bàbá mi ló gé ara ẹ̀, ó ní ọ̀bẹ lára. Ìyá mi ń fi ọwọ́ pa orúnkún tó ń jí.

"Mo mọ̀," ó ní. "Èmi ni mo rán ọ̀bẹ náà mọ́ etí ṣòkòtò ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ wá jẹ́ ká fi ojú apànìyàn wo Bàbá Àkànó láti ọjọ́ yìí wá?"

"Ta ni kí n bínú sí, Ọdẹ́rónkẹ́? Òkú?" Ó dìde, ó dán ẹsẹ̀ ẹ̀ wò, ó lọ gbé agbọ̀n abẹ́rẹ́ ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró wọlé. Ó bo orí, ó gbé abọ́ dání, torí pé òun ni opó báyìí, èmi ni mo bọ̀. Iyán ni, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran òkété tí Bàbá Àkànó fúnra ẹ̀ ti sun kó tó lọ. Ó gbé e kalẹ̀. Ó dúró. Gbogbo ara ẹ̀ fẹ́ bi mí ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èèwọ̀ sì dì í lẹ́nu. Èmi náà mọ̀ pé ẹnu mi ò ní ìdè. Gbólóhùn kan ni, kókó méjì tó dáa, màá sọ ọ́, á sì lọ sùn. Mo ṣí ẹnu. Ìyá mi ń rán aṣọ lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ dúró. Tí mo bá sọ tàpáta, màá sọ tọ̀bẹ. Tí mo bá sọ tọ̀bẹ, wọ́n á béèrè ẹni tó rán an mọ́ ṣòkòtò.

Mo fi iyán dí ẹnu tí mo ṣí. Àwẹ̀ró dúró tì mí, ó ń wo bí mo ṣe ń gbé e mì, bí èmi náà ṣe wo ọkọ ẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Ó dùn.